Ohun Tí Mo Pò Mọ́ Nónò Alhaji

Ẹ̀yin tí ẹ ń pè mí ní Ìyá Nónò ní àdúgbò Zongo, ẹ dá oríyìn yín dúró ná. Ọ̀rọ̀ kan ti há mi lọ́fun láti ọdún ìbò tó kọjá. Lónìí ni màá bì í jáde.

Kò sí ẹni tó mọ nónò, wàrà kíkan yẹn, ṣe tó èmi Ràódátù ní gbogbo Niamey! Àwọn Fúlàní gan-an ń tọ́ ọ wò, wọ́n ń mirí. Kì í ṣe ìgbéraga. Ó dáa, ìgbéraga ni.

Nígbà tí inú ń run ọkọ mi, Alhaji Sùfíyánù aláṣọ, dókítà ní kòkòrò ló wà níkùn rẹ̀. Ó fún un ní oògùn ọjọ́ mẹ́rìnlá, ó ní kó máa mu nónò tì í: "Kòkòrò rere inú nónò á ran oògùn lọ́wọ́, kò ní jẹ́ kó dà ọ́ nínú rú jù." Lọ́jọ́ kẹta tó ti ń lo oògùn náà, Alhaji lọ sí ṣaláńgá lẹ́ẹ̀méje. Ló bá fi Àlùkùránì búra: "Hóró oògùn kò ní wọ ẹnu mi mọ́! Nónò ìyàwó mi tó mi." Orí mi wú. Lẹ́yìn náà ni ẹ̀rù bà mí. Mo bá ń lọ oògùn náà kúnná, mo ń pò ó mọ́ nónò rẹ̀ láàárọ̀ lálẹ́, mo ń da ṣúgà lé e.

Ara rẹ̀ yá. Ó dúró lẹ́nu ṣọ́ọ̀bù, ó ń pariwo, "Wàláhì, nónò ló wò mí!" Ǹ bá ti sọ òótọ́ níbẹ̀. Mo fẹ gèlè mi ni. Èrò ń wọ́ wá ra nónò, títí kan àwọn ará Lamordé lódìkejì odò.

Àsíátù aránṣọ wà lára wọn, òun náà ní kòkòrò yẹn. Ó na oògùn rẹ̀ sí mi: "Ìyá, ṣé kí n ṣì máa lò ó?" Gbogbo èrò ń wò mí. Èmi, ọ̀dájú obìnrin, mo rẹ́rìn-ín: "Ṣé Alhaji lò ó ni?" Ó ju oògùn náà nù lójú mi.

Oṣù méjì lẹ́yìn náà, wọ́n ní Àsíátù ń bi ẹ̀jẹ̀, wọ́n ti gbé e lọ sílé ìwòsàn. Mo kúnlẹ̀ níwájú Alhaji, mo jẹ́wọ́, mo ń retí kó kọ̀ mí sílẹ̀.

Ó ní, "Ràódátù, nónò wo ló ń korò bẹ́ẹ̀? Ọjọ́ kìíní ni mo ti mọ̀. Hóró ni mo búra sí. Ìyẹ̀fun lo fún mi."

"Ẹ mọ̀, ẹ wá ń pariwo?"

"Inú rẹ ń dùn." Ó fà mí lọ́wọ́. "Dìde, ká lọ bẹ ọmọ ọlọ́mọ."

Ọlọ́run dá ẹ̀mí Àsíátù sí. Nígbà tí mo jẹ́wọ́ fún un tán, ó ní, "Ẹ gbé nónò náà wá. Àmọ́ màá kọ́kọ́ gbé oògùn mi mì, lójú yín."

Àsíátù, dárí jì mí. Ẹ̀yin ọmọdébìnrin tí ẹ ń kọ́ṣẹ́ lọ́dọ̀ mi, ẹ má ta igbá nónò kan fún aláìsàn tí kò bá fi oògùn rẹ̀ hàn yín: ìrànlọ́wọ́ ni nónò. Nónò mi ló sì dùn jù ní Niamey. Ìyẹn kò sí lára ohun tí mo ń tọrọ ìdáríjì fún.