Mo Fi Ẹnu Ara Mi Sin Ìyá Mi Láàyè

Bí mo bá jí láàárọ̀, ojú fèrèsé ni mo máa ń kọ́kọ́ lọ. Láti ibẹ̀ ni mo ti ń rí òrùlé ilé bàbá Fọlákẹ́, òrùlé pupa kan tó yọ láàárín àwọn igi furúùtù, ilé kẹta sí tèmi. Tíì mi á tutù sọ́wọ́ mi kí n tó rántí pé mo gbé e dání. Nítorí òrùlé yẹn ni mo ṣe wá gba ilé ńlá sí àdúgbò yìí ní Apapa, ilé tí ẹnì kan ṣoṣo kò lè gbé tán. Ó ti pé oṣù mẹ́jọ báyìí tí Fọlákẹ́ ti bá mi sọ̀rọ̀ kẹ́yìn, ọkàn mi kò sì tíì gbà. Ẹ̀yin òǹkàwé, ẹ jókòó tì mí díẹ̀. N kò tíì sọ ọ̀rọ̀ yìí fún ẹnikẹ́ni rí, kódà n kò sọ ọ́ fún pásítọ̀ mi. Ìtìjú ni kò jẹ́.

Amukoko ni wọ́n bí mi sí, ní Ajégúnlẹ̀. Bàbá mi, tó ń wa ọkọ̀ akẹ́rù, kú nígbà tí mo wà lọ́mọ ọdún mẹ́sàn-án. Iṣẹ́ alágbàfọ̀ ni ìyá mi fi tọ́ mi. Yàrá kan là ń gbé, aṣọ àwọn ará Apapa ló sì máa ń gba ìdajì yàrá náà, nítorí náà a kọ́ láti sùn ní ẹ̀gbẹ́ kan láìyíra. Ìyá mi kì í jẹ́ kí n fọwọ́ tó ní epo kan ògiri tí aṣọ náà fara tì. Wọ́n á ní, "Aṣọ ẹni ẹlẹ́ni ni, ọmọ mi, iyì wa ló wà nínú rẹ̀." Lára àwọn aṣọ náà ni ẹ̀wù funfun àwọn akọrin ìjọ kan ní Apapa wà. Èmi ni mo máa ń gbé e lọ lọ́jọ́ Sátidé. Mo ti pé ẹni ọdún méjìlélógún lọ́jọ́ tí olórí akọrin wọn gbọ́ tí mò ń bá wọn gbe orin lẹ́nu ọ̀nà, tó pè mí wọlé, tó ní kí n wá máa kọrin. Bí mo ṣe pàdé Fọlákẹ́ nìyẹn.

Ọjọ́ tí a kọ́kọ́ jọ sọ̀rọ̀, ó fọwọ́ kan apá ẹ̀wù tó wọ̀, ó ní, "Ẹni tó ń fọ aṣọ wa yìí mọ iṣẹ́ gan-an. Ṣé o mọ̀ wọ́n?" Ó yẹ kí n sọ pé ìyá mi ni. Ọ̀rọ̀ náà ti dé ètè mi. Ṣùgbọ́n mo wo bàtà ẹsẹ̀ rẹ̀, mo wo mọ́tò bàbá rẹ̀ tó ń dúró dè é lẹ́nu géètì, ni mo bá ní, "Alágbàfọ̀ ilé wa ni. Mo kàn ń bá wọn gbé e wá ni." Ó bi mí pé níbo ni ilé wa wà, mo ní Súrùlérè ni. Ó rọrùn lẹ́nu mi bí ẹni ń mu omi. Ẹyin lohùn, àwọn àgbà ti wí i. Èmi kò tilẹ̀ gbọ́ ìgbà tó fọ́.

Lọ́jọ́ Àìkú kan, bàbá rẹ̀ pe àwa ọ̀dọ́ inú ẹgbẹ́ akọrin wá jẹun ọ̀sán nílé wọn. Ẹ jẹ́ kí n sọ òtítọ́ fún yín: kì í ṣe oúnjẹ ló mú mi lọ́kàn, bẹ́ẹ̀ ni kì í ṣe àga olówó iyebíye. Ìdákẹ́jẹ́ ilé náà ni. Ní Amukoko, èèyàn kì í gbọ́ èrò ọkàn ara rẹ̀; rédíò alábàágbé, gbohùngbohùn ṣọ́ọ̀ṣì, ti mọ́ṣáláṣí, ẹ̀rọ oníwẹ́dà, gbogbo wọn ló ń sọ̀rọ̀ lẹ́ẹ̀kan náà. Nílé wọn, mo gbọ́ bí ewé igi ṣe ń jábọ́ sórí koríko. Fọlákẹ́ jókòó sídìí dùùrù, ó bojú wẹ̀yìn, ó rẹ́rìn-ín sí mi. Láti ọjọ́ náà, n kò lè ya ẹ̀rín rẹ̀ sọ́tọ̀ kúrò lára ilé yẹn mọ́. Ṣé òun ni mo fẹ́ ni àbí ilé bàbá rẹ̀? Títí di òní, mo ń bi ara mi.

Nígbà tó lọ kọ́ ìṣègùn ní yunifásítì, ó ń pè mí lórí fóònù dáadáa. Ó ní bí òun bá gba ìsinmi, òun fẹ́ wá kí àwọn ará ilé mi ní Súrùlérè. Mo dákẹ́ lórí ìpè rẹ̀ títí tí kò fi pè mọ́. Mo sọ fún ara mi pé n ó kọ́kọ́ di ẹni tí mo pe ara mi, n ó wá padà lọ bá a. Mo bẹ̀rẹ̀ ní ibùdókọ̀ Coconut, níbi tí mo ti ń bá àwọn onítírélà sáré ìwé ẹrù. Láti ibẹ̀ mo bọ́ sí wọ́ọ̀fù, mò ń bá àwọn oníṣòwò gba ẹrù wọn jáde, títí tí mo fi ní ọ́fíìsì tèmi. Mo kọ́ bí wọ́n ṣe ń sọ̀rọ̀ láìfi pijin sí i. Odidi ọdún mẹ́rìndínlógún ni mo fi ṣe bẹ́ẹ̀, kò sí obìnrin mìíràn tó dúró lọ́kàn mi. Nígbà tí ilé yìí ṣófo, mo gbà á, mo sì padà sí ṣọ́ọ̀ṣì yẹn.

Fọlákẹ́ ti di dókítà ojú, kò tíì lọ́kọ, ó sì ti padà sílé láti máa tọ́jú bàbá rẹ̀. Lẹ́yìn ìsìn, ó wá bá mi, ó ní, "Ohùn rẹ yìí, níbo lo gbé e lọ láti ọjọ́ yìí?" Inú mi dùn. Kò pẹ́ tí a fi bẹ̀rẹ̀ sí í sọ̀rọ̀ ìgbéyàwó. Níbi oúnjẹ ọ̀sán kan ni ìyá rẹ̀ ti bi mí pé, "Àwọn òbí rẹ ńkọ́?" Mo ní, "Wọ́n ti di olóògbé, Mà. Àwọn méjèèjì." Fọlákẹ́ di ọwọ́ mi mú lábẹ́ tábìlì. Omi lé ròrò sójú rẹ̀ nítorí ìyá mi, ìyá tó ń lọ aṣọ lọ́wọ́ ní Amukoko ní wákàtí yẹn gan-an.

Ẹ má rò pé mo pa ìyá mi tì. Gbogbo Sátidé ni mò ń lọ. N ó gbé mọ́tò sí Malu Road, n ó wọ kẹ̀kẹ́ Márúwá wọlé kí ẹnikẹ́ni má baà rí mi. Mo bẹ̀ wọ́n kí wọ́n fi iṣẹ́ sílẹ̀, wọ́n kọ̀. Ìgbà kan ni wọ́n ní àwọn fẹ́ wá wo ilé mi. Mo ní ilé iṣẹ́ mi ló ni ilé náà, wọn kì í gba àlejò. Wọ́n ní, "Kò burú. Ìgbà tí wọ́n bá gbà, kí o wá mú mi." Wọn kò béèrè mọ́.

Nígbà tí ìdána ku ọ̀sẹ̀ mẹ́ta, ṣọ́ọ̀ṣì wa lọ yẹ ojú àwọn èèyàn wò lọ́fẹ̀ẹ́ ní Amukoko lọ́jọ́ Sátidé. N kò mọ̀ rárá. Ọ̀dọ̀ télọ̀ ni mo wà lọ́jọ́ náà, n kò lọ kí ìyá mi. Lọ́sàn-án ọjọ́ kejì, Fọlákẹ́ wá sílé mi. Kò jókòó. Ó ní, "Mo fẹ́ bi ọ́ lẹ́ẹ̀kan sí i. Ìyá rẹ ńkọ́?" Ẹ̀yin èèyàn mi, ó ṣílẹ̀kùn fún mi kí n wọlé, èmi ni mo tún tì í. Mo ní, "Ṣebí mo ti sọ fún ọ pé wọ́n ti kú."

Ó mú ìgò kékeré kan jáde nínú báàgì, ó gbé e sórí tábìlì. "Oògùn ojú wọn rèé. Kí o máa kán an sí wọn lójú láàárọ̀ àti lálẹ́. Ojú wọn ọ̀tún ti ń lọ. Nígbà tí mo bi wọ́n pé ta ló máa bá wọn ra èyí tó kàn, fọ́tò rẹ ni wọ́n yọ jáde. Wọ́n ní, 'Ọmọ mi rèé. Wọ́ọ̀fù ló ti ń ṣiṣẹ́. Ó ń tọ́jú mi gan-an.'"

Mo kúnlẹ̀. Mo ní kí ó dárí jì mí, pé nítorí rẹ̀ ni mo ṣe purọ́, pé ẹ̀rù ń bà mí kí ó má mọ̀ pé ọmọ Ajégúnlẹ̀ ni mí. Ó ní, "Mo ti mọ̀ láti ọjọ́ tí a ti wà ní ọ̀dọ́. O máa ń sọ pijin bí inú bá bí ọ. Mò ń retí kí o fúnra rẹ sọ fún mi ni. Ọmọ Ajégúnlẹ̀ kò bà mí lẹ́rù. Ọkùnrin tó lè sin ìyá rẹ̀ láàyè ló ń bà mí lẹ́rù." Ó rọra pa ilẹ̀kùn dé. Ìwé tí mo kọ, ìpè tí mo pè, kò dá mi lóhùn sí ọ̀kankan.

Báyìí, èmi ni mò ń kán oògùn sójú ìyá mi. Mo fẹ́ mú wọn wá sílé mi, ṣùgbọ́n wọ́n ní ó ti pẹ́ jù. Wọ́n ní bójú ẹni ò ríran mọ́, ilé tí ẹsẹ̀ ti mọ̀ ló dára. Fọlákẹ́ kò sọ ohunkóhun fún wọn. Ohun tó ń pa mí nìyẹn. Gbogbo Sátidé, bí mo bá ti gbé orí wọn lé itan mi, wọ́n á ní, "Dókítà obìnrin yẹn, ọwọ́ rẹ̀ rọ̀. Ó di ọwọ́ mi mú, ó ń sunkún, n kò mọ ohun tó ń ṣe é. Irú rẹ̀ ni mò ń fi àdúrà bẹ Ọlọ́run pé kí o fẹ́. Ṣé o kò lè bá mi wá a rí?"

Ẹ̀yin tí ẹ jù mí lọ, ẹ̀yin tí ẹ ti bímọ, ẹ gbà mí nímọ̀ràn. Bí mo bá jẹ́wọ́ fún wọn, ṣé kò ní jẹ́ pé mo tún gba ìwọ̀nba ìmọ́lẹ̀ tó kù lójú wọn? Bí mo bá sì dákẹ́, irọ́ mi kò tíì parí nìyẹn. Ẹ̀yin ọ̀dọ́ tí ẹ ń fi òrùlé ẹlòmíràn díwọ̀n ìgbésí ayé yín, ẹ fi tèmi kọ́gbọ́n. Ọ̀la ni Sátidé. Wọ́n á tún bi mí nípa dókítà náà, n kò sì mọ ohun tí n ó sọ.