Ìdí Tí Bridget Kì í Fi Kí Wa Láàárọ̀

Ẹ jọ̀ọ́, kí ẹnikẹ́ni má tíì ká ẹní rẹ̀. Mo mọ̀ pé oòrùn ti ń mú, mo sì mọ̀ pé àwọn tí ẹrù wọn ti já lọ́jà Mile 12 ti ń wo ọ̀nà. Ṣùgbọ́n tí Àsàlátù òní bá tú ká kí n tó sọ̀rọ̀, èmi Hùmúàní mọ ara mi, mi ò ní lè sọ ọ́ mọ́ láé. Wọ́n ní bí irọ́ lọ fún ogún ọdún, ọjọ́ kan ṣoṣo ni òtítọ́ yóò bá a. Ọ̀rọ̀ Bridget ni. Nimat, má dìde lọ, ìwọ gan-an ni mo fẹ́ kí o gbọ́ ọ jù.

Ẹ̀yin tí ẹ ṣẹ̀ṣẹ̀ wọ ẹgbẹ́ wa kò mọ̀ ọ́n. Ègùn ni, ará Àjàṣẹ́, tó la bọ́dà Sẹ̀mẹ̀ kọjá wá ṣiṣẹ́ nílùú wa. Èmi ni mo gbà á sí ìsọ̀ tòmátò mi, èmi náà ni mo bá a wá yàrá sínú ilé tí à ń gbé ní Ìkòsì. Àlejò ní ojú, kò fi ríran. Tí kọ́ńdọ́ ọkọ̀ bá pariwo, yóò rò pé òun ló ń bú. Tí a bá fẹ́ gun afárá ẹlẹ́sẹ̀ Kétu, apá mi ni yóò dì mú títí a ó fi sọ̀ kalẹ̀. Mo kọ́ ọ bí a ṣe ń fa oníbàárà lọ́wọ́ wọ ìsọ̀, kò lè ṣe é. Ó ní nílé àwọn, èèyàn kì í di ẹni tí kò mọ̀ rí mú. Á kàn rẹ́rìn-ín, á ní, "Mummy, ẹ wò ó, ó pọ́n dáadáa." Wọ́n á sì dúró.

Ohun kan wà tó ń ṣe tí ara gbogbo ilé kò gbà. Bridget kì í kí èèyàn ní ìdájí. Á gbé ike omi rẹ̀ jáde, á kọjá lára àgbàlagbà bí ẹni tí kò rí i, á dúró létí gọ́tà, á fọnu, á tu omi dànù. Ìgbà tó bá ń padà bọ̀ ló tó máa ń kúnlẹ̀ kí wa lọ́kọ̀ọ̀kan. Àwọn ará ilé bẹ̀rẹ̀ sí í wò ó tìfura-tìfura. Wọ́n ní irú omi wo lèèyàn gbọ́dọ̀ kọ́kọ́ tu dànù kó tó lè wo ojú ẹlòmíì? Màríyámọ̀, tí yàrá tiẹ̀ àti ti Bridget fẹ̀gbẹ́ kanra, kì í jẹ́ kí àwọn ọmọ rẹ̀ yọjú síta títí Bridget yóò fi wọlé. Kí n má tàn yín, èmi náà fura. Mo dìde láàárọ̀ kan, mo fara pamọ́ sí ẹ̀gbẹ́ wíńdò, mo ń ṣọ́ ọmọ tí mo fọwọ́ ara mi mú wálé.

Ṣùgbọ́n mo bi í. A ń ṣa tòmátò lọ́wọ́ lọ́jọ́ náà. Ó rẹ́rìn-ín títí. Ó ní, "Aunty, níbi tí wọ́n bí mi sí, ìwọ̀sí ni kéèyàn fi ẹnu tí kò tíì fọ̀ kí àgbà. Ṣé ẹnu àná ni kí n wá fi kí yín?" Èmi náà rẹ́rìn-ín. Mo tilẹ̀ rántí pé ìyá tó bí ìyá mi kì í dá èèyàn lóhùn kó tó fi pákò fọnu. Gbogbo ẹ̀ kò ju bẹ́ẹ̀ lọ. Ó yẹ kí n délé nírọ̀lẹ́ kí n sọ ọ́ fún wọn, kí á jọ rẹ́rìn-ín, kó tán síbẹ̀. Mi ò sọ ọ́.

Àwọn oníbàárà mi ti ń bèèrè Bridget. Èmi tí mo ni ìsọ̀ á wà ní ìjókòó, wọ́n á wo orí mi kọjá, wọ́n á ní, "Bridget dà?" Ó wá kúnlẹ̀ lọ́jọ́ kan, ó ní tó bá wu Ọlọ́run, òun náà á wá ibi kékeré kan tí òun á máa pàtẹ sí, kí n bá òun ṣàdúà. Mo ṣe àdúà náà lẹ́nu, inú mi kò ṣe àmín. Mo rò ó pé ẹni tí ayé ń fura sí kò ní rí ẹsẹ̀ kúrò lábẹ́ mi. Bí inú mi ṣe dúdú tó nìyẹn, èmi tí mo ń gbé tẹ̀sùbáà kiri láàárín yín.

Àsìkò yẹn ni oyún bàjẹ́ lára Nimat, tí òun náà ń gbé ilé wa. Má bínú pé mo mẹ́nu kàn án, ọ̀rẹ́ mi. Gbogbo wa la mọ bí o ti wá a tó. Abdulrauf ọkọ rẹ kó wa jọ sí àgbàlá, ó ní òun fẹ́ mọ ẹni tó wà nídìí ẹ̀. Kò sẹ́ni tó dárúkọ ẹnikẹ́ni, àmọ́ ẹnu ọ̀nà kan ni gbogbo ojú ń wò. Màríyámọ̀ wá yíjú sí mi. Ó ní, "Ìyá Aliyah, ẹ̀yin lẹ mú un wá, ẹ̀yin lẹ sún mọ́ ọn jù. Kí lẹ mọ̀ nípa omi yẹn?"

Gbólóhùn kan péré ni ì bá gbà á là. Ohun tí mo sọ ni pé mo máa ń rí i láti wíńdò mi, pé ẹnu rẹ̀ máa ń mì, pé omi tó ń tu sí gọ́tà, ẹnu ọ̀nà Nimat ló ń ṣàn gbà. Tí ẹ bá tú ọ̀rọ̀ náà wò, ẹ ò ní rí irọ́ nínú ẹ̀. Ta ní ń fọnu tí ẹnu rẹ̀ kì í mì? Gọ́tà gbogbo ilé ló gba ẹnu ọ̀nà Nimat. Ṣùgbọ́n mo mọ ohun tí mo ń ṣe bí mo ṣe ń tò ó.

Wọ́n kó ẹrù Bridget síta. Abdulrauf tì í lulẹ̀, orúnkún rẹ̀ bó. Àwọn kan ti ń sọ pé kí wọ́n bọ́ṣọ lára rẹ̀, Ọlọ́run ló ní kí bàbá onílé dé. Bridget kò gbọ́ ìdajì ohun tí wọ́n ń sọ, torí Yorùbá ẹni tínú ń bí yára ju èyí tí mo kọ́ ọ lọ. Ó ṣá gbọ́ "omi". Ojú rẹ̀ wá wálẹ̀, ó rò pé ọ̀rọ̀ ti yanjú. Ó nawọ́ sí mi, ó ní, "Aunty, ẹ sọ fún wọn. Ẹ̀yin mọ̀ ọ́n."

Mo ní, "Kí ni mo mọ̀?"

Ẹ̀yin ará mi, gbogbo ohun tí mo ti ṣe ṣáájú, eléyìí ló burú jù. Bridget gbé àpò rẹ̀, ó lọ. Mo gbọ́ pé Agboyi, lódìkejì odò, ló sọdá sí, tó ń bá wọn yan ẹja. Láti ọjọ́ náà, mò ń jẹun, mò ń sùn, mò ń ta tòmátò.

Ẹ mọ̀ pé Aliyah ọmọ mi wà lókè òkun, ó ń ṣiṣẹ́ nílé tí wọ́n ti ń tọ́jú arúgbó. Ó pè mí ní Jímọ̀ tó kọjá. Ó ní ìṣòro tó bá òun níbẹ̀rẹ̀, òun ò sọ fún mi kí n má baà ronú. Tí àgbà bá ń bá a sọ̀rọ̀, á wolẹ̀, bí mo ṣe kọ́ ọ láti kékeré. Àwọn yẹn ní ẹni tí kò lè wo èèyàn lójú ń fi nǹkan pamọ́. Nígbà tí òrùka arúgbó kan wá sọnù, òun ni wọ́n fura sí. Ó ní òyìnbó obìnrin kan tí wọ́n jọ ń ṣiṣẹ́ ló dìde, tó sọ fún ọ̀gá wọn pé òun ti bi ọmọ náà rí, pé ọ̀wọ̀ ni wọ́n ń pe ìyẹn nílùú rẹ̀. Ọ̀rọ̀ tán síbẹ̀, wọ́n sì bẹ ọmọ mi. Aliyah wá ní, "Mummy, ẹ bá mi ṣàdúà fún obìnrin yẹn. Kò bá mi tan níbì kankan, ó kàn sọ ohun tó mọ̀ ni." Mo ní nẹ́tíwọ́ọ̀kì kò dáa, mo pa fóònù.

Nimat, Bridget kò ṣe ọ́ ní nǹkan kan. Gbogbo èpè tí o ti ṣẹ́ fún un, èmi ló tọ́ sí. Ẹ̀yin ọmọdé tó wà lẹ́yìn yẹn, ẹ fetí sílẹ̀: kò dìgbà tí ẹ bá parọ́ kí ẹ tó ba ayé èèyàn jẹ́. Tí ẹ bá mọ ohun tó lè yọ àlejò nínú ewu, ẹ sọ ọ́ kíákíá, kó tó di pé ọmọ tiyín di àlejò lọ́dọ̀ ẹlòmíì.

Mò ń sọdá sí Agboyi lónìí. Mi ò fẹ́ dá lọ, torí tí èmi nìkan bá bẹ̀ ẹ́, orúkọ rẹ̀ kò tíì mọ́ létí yín. Alhaja, ẹ̀yin tí ẹ ń darí àdúà wa, mo rí i pé ẹ ti ń gbọ́wọ́ sókè láti bá mi tọrọ àforíjì lọ́dọ̀ Ọlọ́run. Ẹ dákun, ẹ sọ ọwọ́ kalẹ̀. Ẹni tí gbogbo wa ṣẹ̀ wà lódìkejì odò, kò sì tíì sí ẹnì kan nínú wa tó bẹ̀ ẹ́.