Bírò Dúdú Ni Mo Fi Kun Ilà Náà

Ẹ̀yin mọ́kànlá tí mo fọ eyín fún lọ́sẹ̀ tí ẹ̀rọ wa bàjẹ́, ẹ jọ̀ọ́, ẹ ka ìwé yìí dópin kẹ́ ẹ tó bú mi. Oṣù márùn-ún ni mo ti fi pa ọ̀rọ̀ yìí mọ́, ó sì gbọ́dọ̀ jáde lónìí. Nọ́ọ̀sì lẹ ń pè mí, mo sì ń jẹ́ ẹ, àmọ́ n kì í ṣe nọ́ọ̀sì. Afọyín lásán ni mí, ẹni tó ń fi irin ha ìdọ̀tí kúrò lẹ́sẹ̀ eyín yín. Ẹ̀rọ kan wà ní yàrá ẹ̀yìn tó ń fi ooru pa kòkòrò ara irin wọ̀nyẹn. A máa ń di irin sínú àpò, a ó wá lẹ tépù mọ́ ọn. Bí ooru bá wọ̀ ọ́ dáadáa, ilà orí tépù á dúdú. Ilà yẹn la fi ń mọ̀.

Lọ́jọ́ Ajé yẹn, mo gbàgbé láti bu omi sínú ẹ̀rọ náà, ó sì jóná. Dókítà ti rìnrìn àjò. Ẹni tó ń bá wa tún un ṣe wò ó, ó bú sẹ́rìn-ín. "Màdámù, ẹ ò fún un lómi mu ni? Òùngbẹ ló pa á! Ó di Ọjọ́bọ̀ kí n tó tún un ṣe." Mo bẹ̀ ẹ́ kó má sọ fún Dókítà. Ẹ̀yin ti jókòó níta, ẹ ń retí mi. Mo fi ọṣẹ àti sípírítì fọ irin, mo dì í, mo mú bírò dúdú, mo kun ilà náà. Ọjọ́ mẹ́ta gbáko! Ṣé orí mi pé ṣá?

Nígbà tó di Ọjọ́rú, baba awakọ̀ kan jókòó. Ẹyinjú ẹ̀ ti yí sí yẹ́lò. Ó ní, "Ó kàn ń rẹ̀ mí ni, nọ́ọ̀sì." Mo rí i, mo ṣì fọ eyín ẹ̀. Bí mo ṣe ń fọ irin tí mo lò fún un, ó gún mi níka. Irin yẹn náà ni mo gbé wọ ẹnu tíṣà tó jókòó tẹ̀ lé e. Tíṣà bèèrè pé, "Ṣé ẹ ti sè é dáadáa?" Mo nàka sí tépù. Ó rẹ́rìn-ín, ó ní, "Ó mà dúdú ju irun orí mi lọ!" Ó la ẹnu.

Oṣù tó kọjá ni wọ́n yẹ ẹ̀jẹ̀ mi wò. Àrùn ẹ̀dọ̀ ni, èyí tó ń ran èèyàn látinú ẹ̀jẹ̀. Èyí tó burú jù rèé, ẹ dákun. Èsì náà wà lápò aṣọ iṣẹ́ mi nígbà tí tíṣà padà wá. "Oúnjẹ ò wù mí jẹ mọ́, nọ́ọ̀sì. Ìtọ̀ mi sì ń dúdú." Mo ti la ẹnu kí n sọ ọ́. Ohun tó jáde ni, "Àgbà ló ń dé, tíṣà. Ẹ máa sinmi." Ó dúpẹ́ lọ́wọ́ mi. Ó tún dúpẹ́!

Láàárọ̀ yìí, mo jẹ́wọ́ fún Dókítà. Ó kó káàdì yín fún mi, ó ní, "Ọwọ́ ara ẹ ni kó o fi kọ ọ́ sí wọn."

Mo ti kọ ọ́. Mo kúnlẹ̀. Ẹ lọ ṣàyẹ̀wò ẹ̀jẹ̀ yín lónìí, ẹ má dúró dọ̀la, ẹ má sì wò ó pé ara yín le. Tíṣà, mo ń mú ìwé tiyín bọ̀ nílé fúnra mi. Ẹ má tilẹ̀kùn mọ́ mi. Ẹ jẹ́ ká kọ́kọ́ gba ọ̀nà ọsibítù ná. Ẹ máa bú mi lọ lójú ọ̀nà.