Mọ́tò Tó Dúró sí Ikpinlè

Ẹ ṣílẹ̀kùn fún mi, Ìyá mi, ẹ jọ̀ọ́, èmi Gildas ni, ẹ má ṣe bí ẹni tí kò mọ ohùn ọmọ rẹ̀, mo mọ̀ pé ẹ ti jí, mo gbọ́ tí ẹ wúkọ́, mo gbọ́ tí ẹ fa àpótí, láti àná ọ̀sán tí ẹ ti tilẹ̀kùn mọ́rí ni oúnjẹ ò ti kọjá lọ́nà ọ̀fun mi, Ọmọlará aládùúgbò wa gbé ẹ̀kọ gbígbóná wá, mo ní kó gbé e padà! Ọdún mọ́kànlá ni mo lò ní Gàbọ́n, mo wá dé tán, pákó ilẹ̀kùn ni mò ń bá sọ̀rọ̀. Ẹ jẹ́ kí n rojọ́ mi ná. Bí mo bá rò ó tán tí ẹ ní ẹ ò dárí jì mí, mo gbà.

Obìnrin yẹn ló fà á! Mo fi Màríà Wúńdíá búra, obìnrin yẹn ló fà á, ọmọbìnrin tó jókòó sídìí tábìlì tí wọ́n ti ń yá àlejò ní mọ́tò ní pápá ọkọ̀ òfuurufú ní Kútọnu, eyín funfun, èékánná pupa, ẹ̀rín ṣáá ló ń rín! Ṣé ẹ mọ̀ pé mo ti bá wọn sọ iye rẹ̀ láti Gàbọ́n? Ó wà nínú fóònù mi níbí, wọ́n kọ ọ́ gbàgàdà: ẹgbẹ̀rún mẹ́ẹ̀ẹ́dọ́gbọ̀n fáráǹkì lójúmọ́. Mo ní kò burú, ọjọ́ mẹ́ta péré ni. Ni mo bá bọ́ sílẹ̀ nínú ọkọ̀, mo tò, ó kàn mí, ó ní "Ẹ káàbọ̀, ọ̀gá," ó ní owó asiráǹsì, owó ìjàǹbá mọ́tò, kò sí nínú iye tí wọ́n sọ fún mi. Mo ní báwo? Ó rẹ́rìn-ín. Ó ní owó kan tún wà fún ẹni tó bá wá gba mọ́tò ní pápá ọkọ̀ òfuurufú. Ẹ gbọ́ o, Ìyá mi! Èmi tí mo ṣẹ̀ṣẹ̀ bọ́ láti ojú ọ̀run, níbo ni kí n ti lọ gbà á, ṣé inú òkun ni?

Ó tún rẹ́rìn-ín. "Ọ̀gá, ìhà ibo lẹ ń lọ?" Mo ní abúlé wa ni, lẹ́yìn Massè, nílẹ̀ Adja-Ouèrè. Yéè, ẹnu mi! Ó tẹ ẹ̀rọ, owó gbéra, nítorí pé mọ́tò fẹ́ jáde ní Kútọnu. Ó tún tẹ̀ ẹ́, owó tún gbéra, mi ò mọ ti kí ni ìyẹn. Nígbà tí mo máa wo ojú ẹ̀rọ, ẹgbẹ̀rún mẹ́ẹ̀ẹ́dọ́gbọ̀n ti di ẹgbẹ̀rún lọ́nà ọgọ́ta lójúmọ́, mi ò tíì jókòó o! Ó wá ní, "Ọ̀gá, ọ̀nà oníyẹ̀pẹ̀ náà ní owó tirẹ̀." Inú bí mi! Mo lu tábìlì. Mo ní ó tó gẹ́ẹ́, mi ò ní fi táyà kan kúrò lórí ọ̀dà, kò gbọdọ̀ fi fáráǹkì kan lé e mọ́. Ó ní kò burú, ṣùgbọ́n kí n mọ̀ pé nǹkan kan wà lára mọ́tò tó ń sọ ibi tó bá dé fún wọn. Ọkùnrin kan lẹ́yìn mi ń pòṣé, òmíràn ń wo aago. Ó ti ìwé sí mi, ojú ewé mẹ́ta, lẹ́tà wẹ́wẹ́ bí ẹyin èèrà. Ìyá mi, ẹ mọ ibi tí mo ti fi ilé ìwé sílẹ̀. Mo lè sọ Faransé títí ilẹ̀ á fi ṣú, kíkà ló ń le fún mi, mo sì ti wọ kóòtù, mi ò lè máa fi ìka tọ lẹ́tà lọ́kọ̀ọ̀kan níwájú àwọn ènìyàn wọ̀nyẹn. Mo sanwó. Mo fọwọ́ sí i.

Kí lẹ wí? Ẹ tún un sọ, mi ò gbọ́ dáadáa.

Ẹ ní ta ló ní kí n gbé mọ́tò wá?

Háà, Ìyá mi. Kò sẹ́ni tó ní kí n gbé mọ́tò wá. Ẹ ò bi mí léèrè mọ́tò rí. Gbogbo ohun tí ẹ máa ń sọ lórí fóònù kò ju pé, "Gildas, wá, jẹ́ kí n rí ọ." Èmi ni mò ń fọ́nnu! Èmi ni mo ní ẹ ò ní rí mi lórí alùpùpù zémìjàn, mo ní ẹnu ọ̀nà yín gan-an ni mo máa dúró sí, ilé ìdáná lẹ máa wà tí ẹ máa gbọ́ fèrè mọ́tò mi. Ìyá mi, iṣẹ́ kárò ni mò ń ṣe ní Gàbọ́n, mò ń lẹ àwo dídán mọ́lẹ̀ ilé fáwọn olówó, orí ìkúnlẹ̀ ni mo máa ń wà látàárọ̀ títí di alẹ́. Ó wù mí kí ẹ rí mi ní ìjókòó, nínú nǹkan tó ń dán. Ṣé ẹ̀ṣẹ̀ nìyẹn? Ìyẹn kọ́ ni ẹ̀ṣẹ̀ náà, mo mọ̀, mò ń bọ̀ níbẹ̀.

Nígbà tí ẹ sọ pé ẹ ń tún ọ̀nà ṣe, mo rò pé koríko ni ẹ ń ro. Mo fi Ọlọ́run ṣẹ̀rí, mi ò mọ̀ pé ọ̀wẹ̀ ni ẹ bẹ̀! Mi ò mọ̀ pé ènìyàn méjìdínlógún ló pa oko wọn tì fún ọjọ́ mẹ́ta, tí wọ́n ń fẹ ọ̀nà ẹlẹ́sẹ̀ fún mọ́tò tí wọn ò tíì rí, tí ẹ̀yin ń se ẹ̀wà fún wọn, tí Abọ́dúndé ẹlẹ́mu ń gbé ẹmu títà rẹ̀ wá fún wọn lọ́fẹ̀ẹ́. Mi ò mọ̀ pé ẹ gé ọ̀pẹ. Ẹ ò sọ fún mi! Ẹ̀yìn zémìjàn ni mo wà tí mo ti rí i, ọ̀nà fẹ̀ rẹrẹ, wọ́n ti fi èèpo ẹkùrọ́ dí gbogbo ihò, mo rí kùkùté mẹ́ta, ojú wọn ṣì ń sun omi. Mo mọ ọ̀pẹ wọ̀nyẹn! Epo wọn lẹ tà tí ẹ fi rán mi lọ sílé ìwé fún ọdún díẹ̀ tí mo lè lọ. Ẹnu ya ẹni tó gbé mi lórí zémìjàn náà, ó ní àwọn ará ibí mà ṣiṣẹ́ o, ta ni wọ́n ń retí? Mo fi báàgì mi bojú.

Torí pé mo ti fi mọ́tò sílẹ̀ ní Ikpinlè nígbà yẹn, létí ọ̀dà, mo ti ilẹ̀kùn rẹ̀, mo yẹ̀ ẹ́ wò lẹ́ẹ̀mejì. Torí ẹ̀rù ọmọbìnrin yẹn! Mò ń rò ó pé bí táyà bá ti lè kan yẹ̀pẹ̀, wọ́n á rí i ní Kútọnu, á rẹ́rìn-ín, á tẹ ẹ̀rọ rẹ̀, owó á tún gbéra. Obìnrin tí kò mọ̀ mí rí, tí kò ní rántí ojú mi mọ́ bí mo bá tún dé iwájú rẹ̀, òun ni mo bẹ̀rù ju yín lọ. Ẹ wo irú ọmọ tí ẹ bí!

Ẹ bú mi, Ìyá mi, ẹ má dákẹ́. Èébú yín sàn fún mi.

Èyí tó kù, ojú yín ló ṣe, ṣùgbọ́n ẹ jẹ́ kí n fẹnu ara mi sọ ọ́. Mo dé, gbogbo wọn ti tò sẹ́gbẹ̀ẹ́ ọ̀nà lọ́tùn-ún lósì, ẹ̀yin wà lórí àga, ẹ wọ aṣọ funfun tí ẹ fi ń lọ gba ara Olúwa. Mo sọ̀ kalẹ̀ lórí zémìjàn, èmi àti báàgì kan. Ẹ̀yin náà lẹ tún gbà mí sílẹ̀, ẹ kọjú sí wọn, ẹ ní, "Mọ́tò rẹ̀ ń bọ̀ lẹ́yìn." Ìgbà yẹn gan-an ló yẹ kí n sọ òótọ́! Ká ní mo sọ pé, "Ẹ̀yin ará, wọ́n fowó lé owó fún mi ní Kútọnu, ẹ̀rù bà mí, ẹ dákun," wọn ì bá fi mí ṣe yẹ̀yẹ́ díẹ̀, Abọ́dúndé ì bá bá mi bú àwọn onímọ́tò, à bá jọ padà lọ gbé e. Ó tán síbẹ̀! Àmọ́ mo ní mọ́tò bàjẹ́. Mo ní ó kú mọ́ mi lọ́wọ́ ní Ikpinlè.

Ta ló mọ̀ pé Fábíyì máa dìde? Ẹni tó ń tún alùpùpù ṣe jẹun, tó ti fọjọ́ mẹ́ta la ọ̀nà nítorí mi, ó lọ kó irinṣẹ́ rẹ̀ sápò, ó ní, "Ẹ̀gbọ́n, ẹ fún mi ní kọ́kọ́rọ́, mọ́tò ò gbọdọ̀ sùn síta." Mo ní kó di ọ̀la. Ó ní rárá. Mo ní ó ti rẹ̀ ẹ́. Ó ní kò rẹ òun, nítorí Ìyá ni. Kí ni kí n ṣe? Mo fún un. Bó ṣe lọ tán ni ara mi ò balẹ̀ mọ́, ẹ ń bu omi fún mi, ẹ ń kì mí, ẹ ń fọwọ́ pa mí lórí bí ìgbà tí mo wà lọ́mọdé, Ìyá mi, gbogbo ibi tí ẹ fọwọ́ kàn ló ń jó mi.

Ó dé. Kò pariwo. Ká ní ó tiẹ̀ pariwo! Kò mọ mọ́tò wà, bí bẹ́ẹ̀ kọ́ ì bá gbé e wá. Ó rọra fi kọ́kọ́rọ́ lé mi lórí itan, lójú yín, ó ní, "Ẹ̀gbọ́n, mọ́tò yín ò ní nǹkan kan. Ẹ̀ẹ̀kan ṣoṣo ni mo yí i tó dáhùn." Ó gbé àpò rẹ̀, ó lọ. Àwọn yòókù náà ń dìde lọ́kọ̀ọ̀kan, wọ́n ń kí yín pé ó dàárọ̀, ọ̀sán gangan sì ni. Ẹ̀yin náà dìde, ẹ wọlé.

Ẹ ń sunkún ni? Ẹ jọ̀ọ́. Bí ẹ bá ń sunkún, mi ò ní lè sọ èyí tó burú jù.

Láàárọ̀ yìí, mo gbé ìwé yẹn fún Ayọ̀mídé, ọmọ Ọmọlará, mo ní kó kà á fún mi, kí n lè mọ ibi tí mo máa ti mú obìnrin yẹn lẹ́jọ́. Ọmọ náà kà á, ó tún un kà. Ó ní, "Bàbá, owó ọ̀nà oníyẹ̀pẹ̀ ti wà níbí. Ẹ ti san án." Mo ti san án, Ìyá mi! Ó ti wà nínú ẹgbẹ̀rún lọ́nà ọgọ́ta yẹn kí n tó máa lu tábìlì! Mo ti sanwó ọ̀nà dé ẹnu ilẹ̀kùn yín, mo wá lọ gbé mọ́tò pamọ́ sí Ikpinlè, mo fi irọ́ wọlé tọ̀ yín wá. Ọlọ́run á bi obìnrin yẹn, kí wọ́n máa fowó lé gbogbo ohun tó bá fẹ́ rà, kí wọ́n fowó lé iyọ̀, kí wọ́n fowó lé omi... Rárá. Mo gbà á padà, mi ò ṣépè. Ó sọ ọ́ fún mi, ó kọ ọ́ sínú ìwé, èmi ni mi ò kà á.

Ẹ sì jẹ́ kí n sọ gbogbo rẹ̀ tán, kó má kù sínú mi. Bí mo bá tiẹ̀ mọ̀ pé mo ti san án, bóyá ni ǹ bá gbé e wọlé. Ọwọ́ mi ti ṣófo nígbà tí mo kúrò nídìí tábìlì yẹn. Ẹni tó bá fi ọdún mọ́kànlá lọ, tó wá gbé mọ́tò dé, ẹ̀yìn mọ́tò ni wọ́n máa kọ́kọ́ wò, páálí bisikíìtì méjì ló sì wà níbẹ̀ fún odindi abúlé! Ojú tì mí. Mo rò pé bí mo bá gun zémìjàn wá, ìtìjú mi á kéré. Mi ò rò ó pé ẹ̀yin ni mò ń di ìyókù rẹ̀ lé lórí.

Mo ti gbé e dé, Ìyá mi. Ẹsẹ̀ ni mo fi rìn dé Ikpinlè láàárọ̀ yìí. Ẹ yọjú lójú fèrèsé, òun ló dúró síwájú ilé yín yìí, eruku ti bò ó. Ọ̀nà yín gbà á, ó gbà á dáadáa, kò fara kan igi kankan.

Ẹ ní ta ló wà níta tó rí i?

Kò sí ẹnì kankan. Wọ́n ti lọ sóko. Adìẹ ló rí i.

Ẹ... ẹ ti ṣí i! Olúwa ṣeun. Aṣọ àná ṣì lẹ wọ̀. Ẹ jẹ́ kí n dọ̀bálẹ̀ ná, ẹ má fà mí dìde. Mo dìde, mo dìde. Ẹ bọ́ síbí, ẹ jókòó síwájú lọ́dọ̀ mi.

Ẹ ò wọ̀ ọ́? Ẹ ní àwọn tó la ọ̀nà ló máa kọ́kọ́ gùn ún, ẹ̀yin lẹ máa gbẹ̀yìn? Méjìdínlógún, Ìyá mi! Mẹ́rin mẹ́rin, kí n gbé wọn dé Ikpinlè, kí n tún gbé wọn padà! Ẹ rántí pé mọ́tò yìí gbọ́dọ̀ dé Kútọnu lọ́la o, bó bá pẹ́, wọ́n á tún fowó lé e. Ẹ ní kí wọ́n fi lé e? Ó dáa, kí wọ́n fi lé e!

Kí ló tún kù? Kí n sọ ọ́ fún ẹnìkọ̀ọ̀kan wọn kó tó wọ mọ́tò? Lẹ́nu ara mi? Ìgbà méjìdínlógún? Ṣé mi ò kúkú lè sọ ọ́ lẹ́ẹ̀kan ṣoṣo níwájú ṣọ́ọ̀ṣì lọ́jọ́ ìsinmi, kí gbogbo wọn gbọ́ pa pọ̀... Rárá. Ó dáa. Ẹ má fi ojú yẹn wò mí, Ìyá mi, mò ń lọ, mò ń lọ báyìí!

Fábíyì! Fábíyì o! Mo mọ̀ pé o wà nílé, mò ń gbọ́ òòlù rẹ! Jáde wá, àbúrò mi, wá jókòó síwájú! Mọ́tò ò bàjẹ́! Irọ́ ni mo pa! Ṣé o gbọ́? Irọ́ ni mo pa!