Ìka Tí Ẹ̀rọ Kò Gbà

Ẹ̀yin ará nínú Olúwa, mo wólẹ̀ níwájú Ọlọ́run tó jẹ́ kí n dúró níbí lónìí.  Ẹ mọ̀ mí, èmi ni Màmá Fúnmi, aránṣọ ní Cacaveli ní Lomé níbí, Táíwò ẹlẹ́nu ṣáṣá. Ẹ bá mi pariwo "Ògo!" kí n lè rí okun sọ ẹ̀rí mi délẹ̀.

Fúnmi ọmọ mi wà ní Brussels. Oyún rẹ̀ kejì mú wàhálà dání, dókítà ní àfi kí wọ́n ṣiṣẹ́ abẹ fún un, wọ́n sì dá a sí àárọ̀ Ọjọ́bọ̀. Ọkọ rẹ̀ ń ṣiṣẹ́ nínú ọkọ̀ ojú omi, ó wà láàárín agbami, kò lè dé. Ta ló máa wá dúró ti Démọ́lá, ọmọ ọdún mẹ́ta? Ilé ìwòsàn ní bí kò bá sí ẹbí, ìjọba á gbé e fún ìdílé kan tí a kò mọ̀ rí, títí ìyá rẹ̀ á fi gbádùn. Ha! Ọmọ tí kì í sùn àfi tó bá di etí ìyá rẹ̀ mú! Ọkọ̀ òfurufú tí mo rí, ọ̀sán Ọjọ́rú ló ń gbéra. Òmíràn di Sátidé. Bí èyí bá já mi sílẹ̀, ó tán.

Obìnrin tó ta tíkẹ́ẹ̀tì fún mi ló sọ pé ọ̀nà kan wà ní pápákọ̀ òfurufú tí wọ́n ń pè ní "passage rapide". Èèyàn á sanwó sílẹ̀, kò ní tò. Á gbé ìwé ìrìnnà lé ẹ̀rọ, á tẹ̀ka, á wo kámẹ́rà, ìlẹ̀kùn á ṣí. Mo ní nítorí orúnkún mi ni mo ṣe san án. Kí n má parọ́ níwájú pẹpẹ, fáàrí náà wà níbẹ̀.

Kẹ́hìndé, ìkejì mi, ló sìn mí lọ. Òun náà ló jókòó sọ́hùn-ún yẹn, tó ń ta bàtà ní Kodjoviakopé, tó ń kọjá bodè sí Aflao ní Ghana lọ kó ọjà. Mo ní kó máa lọ sílé, mo ti sanwó, kí ló tún fẹ́ dúró ṣe? Ó ní ó di ìgbà tí ọkọ̀ bá gbéra. Mo pòṣé. Ẹ dárí jì mí, mo pòṣé sí i.

Mo gba ẹ̀gbẹ́ àwọn tó tò kọjá, mo gbé orí sókè. Mo gbé ìwé lé ẹ̀rọ, mo tẹ̀ka. Iná pupa! Ọlọ́pàá tó wà níbẹ̀ ní, "Maman, ẹ nu ọwọ́ yín dáadáa." Mo nù ún. Pupa. Ó fún mi ní ìpara, mo fi pa á. Pupa. Mo rò pé abẹ́rẹ́ ló ti ba ìka mi jẹ́ láti ọjọ́ tí mo ti ń fi í gún ara mi. A gbìyànjú ọwọ́ òsì. Pupa náà ni. Òógùn bò mí. Ó wo ojú mi, ó wo fọ́tò, ó tún wo ojú mi, ohùn rẹ̀ sì yí padà.

"Maman, ìka yín kọ́ ló wà nínú ìwé yìí."

Wọ́n mú mi wọ ọ́fíìsì ọ̀gá wọn, obìnrin tí kì í rẹ́rìn-ín. Ó bi mí pé níbo ni ẹni tó ni ìwé náà wà. Mo ní èmi ni. Ó ní ẹ̀rọ sọ pé èmi kọ́. Lókè, wọ́n ti ń pe àwọn èrò ọkọ̀ wa. Mo fẹ́ gbàdúrà, gbogbo Sáàmù tí mo mọ̀ sá lọ. "Jésù, Démọ́lá! Jésù, Démọ́lá!" Ohun tí mo rí sọ nìyẹn.

Ibẹ̀ ni Ọlọ́run ti ṣí mi níyè! Mo rántí ọjọ́ tí èmi àti Kẹ́hìndé jọ lọ ṣe ìwé ìrìnnà. Akọ̀wé kó fáìlì wa méjèèjì sílẹ̀, tèmi lókè, nítorí ìwé ìbí sọ pé èmi ni mo kọ́kọ́ jáde. Kò tilẹ̀ wò wá lójú tó fi ní, "L'aînée d'abord," kí ẹ̀gbọ́n kọ́kọ́ wá. Ẹ̀yin ọmọ Yorùbá, ta ló máa dìde? Kẹ́hìndé ni! Ṣebí òun ló rán Táíwò wá tọ́ ayé wò? Èmi gan-an ni mo ní kó lọ jókòó síwájú kámẹ́rà. Bí fọ́tò rẹ̀ àti ìka rẹ̀ ṣe wọ inú fáìlì mi nìyẹn, tèmi sì wọ inú tirẹ̀. Abájọ tí mo fi ń sọ pé imú inú fọ́tò yẹn kò bá mi mu!

Ṣùgbọ́n ẹ̀rù tó wá bà mí lẹ́yìn ìyẹn ló pọ̀ jù. Bí mo bá dárúkọ rẹ̀, ṣé wọn ò ní sọ pé àwa méjèèjì la gbìmọ̀ jìbìtì? Ṣé kí n ti ọmọ ìyá mi sí àtìmọ́lé ni? Àkókò ń lọ. Ni fóònù mi bá dún, òun ni, ó ń bèèrè bóyá mo ti jókòó. Ọ̀gá ní kí n gbé e. Mo fi Yorùbá sọ gbogbo rẹ̀ fún un, mo ní kó sá lọ sílé, kó má wá o.

Kò pẹ́, ìlẹ̀kùn kàn. Kẹ́hìndé wọlé, ó ń mí hẹlẹhẹlẹ, ìwé ìrìnnà tó máa ń gbé kọjá bodè wà lọ́wọ́ rẹ̀. Ó kó Faransé ọjà rẹ̀ jáde: "Madame, le doigt-là, c'est pour moi." Ó ní òun ló ni ìka náà!

Ọ̀gá wo ojú àwa méjèèjì. Ó gbé ìwé tèmi lé ẹ̀rọ, ó ní kí Kẹ́hìndé tẹ̀ka: iná aláwọ̀ ewé. Kí n tẹ tèmi sí ti Kẹ́hìndé: iná aláwọ̀ ewé.  Ó pe ọ́fíìsì ìwé ìrìnnà, ó ń gbọ́, ó ń kọ nǹkan sílẹ̀. Ó wá bi Kẹ́hìndé pé ẹ̀rù ọlọ́pàá kò bà á ni? Kẹ́hìndé ní, "Èmi ni ẹ̀gbọ́n." Obìnrin yẹn mi orí, ó ní wọ́n ti rí àṣìṣe náà, ká wá tún un ṣe tí mo bá dé. Ó kọ lẹ́tà fún mi, ó tẹ òǹtẹ̀ lù ú. Mo sáré, orúnkún ò orúnkún! Èmi ni mo wọlé gbẹ̀yìn.

Ní Brussels, ìka tí mo tẹ̀ fún físà ni wọ́n yẹ̀ wò, tèmi sì ni lóòótọ́. Mo dé ilé ìwòsàn láàárọ̀ Ọjọ́bọ̀. Wọ́n ti fẹ́ gbé Fúnmi wọlé. Obìnrin ìjọba ti wà níbẹ̀, ó ti wọ kóòtù fún Démọ́lá, ó di ọwọ́ rẹ̀ mú. Ó ní kí n mú ìwé wá, kóun mọ̀ bóyá lóòótọ́ ni mo jẹ́ ìyá àgbà rẹ̀.  Ìwé wo? Èyí tí fọ́tò Kẹ́hìndé wà nínú rẹ̀?

Kí n tó ṣí báàgì, Démọ́lá wò mí. Orí fóònù nìkan ló ti rí mi rí. Ó já ọwọ́ gbà, ó ké pé "Màmá Lomé!" ó sì sáré wá dì mọ́ mi lẹ́sẹ̀.

Obìnrin náà pa fáìlì rẹ̀ dé.

Fúnmi bí obìnrin, tìyátọmọ wà láyọ̀. Ẹ̀yin ará, Ọlọ́run tó mọ̀ mí lórúkọ ni kí ẹ bá mi gbé ga! Kẹ́hìndé, dìde, jẹ́ kí wọ́n rí ẹ. Ẹ̀yin akọrin, ẹ fún wa lórin, ẹ bá èmi àti ẹ̀gbọ́n mi jó!