Mo Ní Fọ́tò Náà Dára

Ẹ̀yin ọmọ ẹgbẹ́ ayàwòrán wa ní Onomichi, ọmọ mi Chizuru ni yóò ka ìwé yìí sí yín létí, nítorí ẹsẹ̀ mi kò lè gbé mi dé ọ̀dọ̀ yín mọ́. Dókítà ti sọ fún mi pé àrùn ẹ̀dọ̀ yìí kò ní jẹ́ kí n rí òdòdó sàkúrà ìgbà ìrúwé tó ń bọ̀. Mo gbọ́, mi ò sunkún. Ohun tó ń pa mí lẹ́kún ni ọ̀ràn kan tí mo gbé mì láti ọdún mẹ́ta sẹ́yìn, tí kò dà nínú mi, tí mi ò sì rí bì. Èmi Hamasaki tí ẹ ń pè ní ọ̀gá, mo ṣe Kurashige níkà, mo sì ti ní kí Chizuru ka èyí nígbà tí kò bá sí láàárín yín. Àsìkò tó kí ẹ gbọ́ ọ láti ẹnu èmi fúnra mi.

Gbogbo yín lẹ mọ Kurashige Noboru, ọkọ Fumie, àwọn tó ni ilé ìwẹ̀ olómi gbígbóná tó wà nísàlẹ̀ òkè. Nígbà tó kọ́kọ́ dé ẹgbẹ́ wa, kò mọ ibi tí wọ́n ń tẹ̀ lára kámẹ́rà. Èmi ni mo kọ́ ọ. Ọdún mẹ́sàn-án gbáko ni fọ́tò mi fi wà láàárín ògiri níbi àfihàn wa. Lọ́dún kẹwàá, tirẹ̀ lẹ gbé síbẹ̀: àwọn arúgbó mẹ́ta tí wọ́n ń mu mílíìkì tútù lẹ́yìn ìwẹ̀. Ọ̀kan nínú yín, mi ò ní dárúkọ rẹ̀, kígbe pé, "Ọ̀gá, ọmọ iṣẹ́ yín ti jókòó sórí àga yín o!" Gbogbo yín rẹ́rìn-ín, èmi náà rẹ́rìn-ín. Ṣùgbọ́n nígbà tí mo délé, mo ti ẹja tí Chizuru sun sẹ́gbẹ̀ẹ́ kan. Àgbàlagbà tó ń jowú ẹni tó fọwọ́ ara rẹ̀ kọ́, irú èèyàn wo nìyẹn?

Lọ́dún tó tẹ̀ lé e, ẹ̀rọ tó ń se omi ilé ìwẹ̀ náà bàjẹ́, agbára wọn kò sì ká tuntun. Wọ́n pinnu láti ti ilé náà kí wọ́n sì wó o. Kurashige wá bá mi. Ó ní òun fẹ́ ya fọ́tò kan lọ́jọ́ ìkẹyìn, tí gbogbo oníbàárà yóò wà níbẹ̀, àti agbada omi, àti òkè ńlá tí wọ́n kùn sára ògiri. "Ṣùgbọ́n yàrá yẹn há, ọ̀gá. Bí mo bá fẹ̀yìn ti ilẹ̀kùn pàápàá, ìdajì èèyàn ni kámẹ́rà mi ń kó. Wọ́n ní lẹ́ǹsì kan wà tó ń rí fẹ̀ ju ojú èèyàn lọ, tí wọ́n lè yí kó tún fẹ̀ sí i." Mo ní ó wà. "Ẹ jọ̀ọ́, ẹ yá mi ní tiyín." Tèmi wà nínú àpótí tí Kurashige fẹ̀yìn tì gan-an. Mo ní, "Mo ti gbé e lọ tún ṣe." Ó mi orí. "Ó dáa, ẹ bá mi yan èyí tí owó mi ká, kí Fumie má baà lé mi síta."

A wọ ọkọ̀ ojú irin lọ sí Hiroshima, sí ìsọ̀ kan tí wọ́n ti ń ta kámẹ́rà àlòkù. Lẹ́ǹsì méjì ni owó rẹ̀ ká. Ọ̀kan jẹ́ oníke, ó fúyẹ́ bí ife, bí ohun ìṣeré ọmọdé. Èkejì jẹ́ onírin, ó wúwo, ó ń dán. Mo fi méjèèjì ya ògiri bíríkì tó dojú kọ ìsọ̀ náà, mo sì wo fọ́tò wọn láti igun dé igun. Ti oníke yẹn mọ́lẹ̀ kedere níbi gbogbo. Ti onírin, gíláàsì inú rẹ̀ ti yẹ̀: àárín mú bí abẹ, ṣùgbọ́n ìpẹ̀kun apá òsì yọ́ bí ọ̀rá tí oòrùn pa. Kurashige, tí ojú rẹ̀ ti ń ṣe bàìbàì, dúró tì mí bí ọmọ tó ń retí èsì ìdánwò. "Èwo ni, ọ̀gá?" Mo gbé onírin lé e lọ́wọ́. Mo ní, "Èyí ni. Ṣé ike ni àgbà máa ń gbé kọ́rùn?" Ó tẹrí ba fún mi lẹ́ẹ̀mejì. Nígbà tí à ń bọ̀, ó ra búrẹ́dì oníẹ̀wà dídùn fún mi, mo sì jẹ ẹ́ tán. Ohun tí mo ń sọ fún ara mi ni pé, kí fọ́tò rẹ̀ ṣáà má lè dé àfihàn, kò ju bẹ́ẹ̀ lọ. Bẹ́ẹ̀ ni ìkà máa ń sọ.

Ọjọ́ náà dé. Ogójì èèyàn, títí kan àwọn kan nínú yín, fún ara wọn mọ́ yàrá ìwẹ̀ àwọn ọkùnrin, ooru ṣì ń rú lójú omi. Ẹ mọ̀ pé Fumie kì í ya fọ́tò. Bí ó bá ti rí kámẹ́rà, ó ti sá wọlé. Lọ́jọ́ yẹn, nítorí ọkọ rẹ̀, ó gbà. Ṣùgbọ́n ìpẹ̀kun ló lọ dúró sí, lápá òsì, lẹ́bàá ilẹ̀kùn. Àwọn oníbàárà ń pè é pé, "Ìyá, ẹ bọ́ sáàárín!" Ó fọwọ́ bo ẹnu, ó ní, "Ẹ fi mí sílẹ̀ jàre. Gbogbo yín lẹ wọṣọ lónìí, mi ò dá ẹnì kankan mọ̀!" Ẹ̀rín gba gbogbo ilé. Kurashige yíjú sí mi: "Ọ̀gá, ṣé kí n fà á wọlé díẹ̀?" Mo mọ apá ibi tó dúró sí. Mo ní, "Jẹ́ kí ìyàwó ẹ dúró síbi tó wù ú."

Ó yà á lẹ́ẹ̀mẹfà, ó wá gbé kámẹ́rà náà fún mi. "Ojú mi ò gbé e, ọ̀gá. Ẹ bá mi wò ó dáadáa kí wọ́n tó túká." Mo fẹ̀ ẹ́ lójú kámẹ́rà. Láàárín, mo lè ka irun ìpéǹpéjú wọn. Mo sún un lọ sí òsì. Ojú Fumie kò sí níbẹ̀. Àwọ̀ wà, aṣọ wà, àmọ́ ojú ti yọ́ dànù. Gbogbo èèyàn ṣì wà ní ìdúró. Bí mo bá ti sọ pé, "Ìyá, ẹ sún wọlé díẹ̀," ọ̀rọ̀ ì bá ti tán. Mo dá kámẹ́rà náà padà fún un. Mo ní, "Ó dára. Kò lábùkù." Ó kígbe pé, "Ọ̀gá ní ó dára o!" Wọ́n pàtẹ́wọ́, wọ́n túká. Ní ọjọ́ kejì, wọ́n bẹ̀rẹ̀ sí í wó ilé náà.

Nígbà òtútù ọdún yẹn, Fumie ṣubú ní ilé ìdáná, kò dìde mọ́. Wọ́n ń wá fọ́tò tí wọ́n máa gbé síwájú pósí. Ẹni tó ń bá wọn ṣètò ìsìnkú fẹ ojú rẹ̀ nínú fọ́tò ilé ìwẹ̀ náà tì, ó ní kò ṣeé lò. Fọ́tò ìgbéyàwó ni wọ́n gbé síbẹ̀, ọmọ-ọmọ rẹ̀ sì ń béèrè pé, "Ta nìyẹn?" Kurashige fi fọ́tò ilé ìwẹ̀ náà hàn mí. "Ooru omi ló bò ó lójú, ọ̀gá. Èmi ni mi ò rántí ṣí fèrèsé." Mo ní, "Ooru ni." Nínú gbogbo irọ́ tí mo pa, èyí ni mi ò rí ibi gbé sí, nítorí ọkùnrin náà ti gbé ẹ̀bi mi sórí ara rẹ̀.

Láti ìgbà tí mo ti dùbúlẹ̀, gbogbo ọjọ́ Ìṣẹ́gun ni Kurashige ń gbé ògì ìrẹsì wá, tó ń fẹ́ ẹ kó tó fi bọ́ mi. Lọ́sẹ̀ mẹ́ta sẹ́yìn, mo sọ fún un. Ó gbé ṣíbí sílẹ̀. "Ṣé ẹ rí i lọ́jọ́ náà?" Mo ní mo rí i. "Nígbà tí wọ́n ṣì wà ní ìdúró?" Mo ní bẹ́ẹ̀ ni. Ó fi ọmọrí bo abọ́ náà kó má baà tutù, ó tẹrí ba fún Chizuru, ó lọ. Kò padà wá mọ́.

Ẹ̀yin ọ̀dọ́ inú ẹgbẹ́, bí ẹni tí kò mọ̀ bá bi yín ní ohun tí ẹ mọ̀, ojú ara rẹ̀ ló gbé lé yín lọ́wọ́. Ẹ má ṣe fi í ṣeré. Mi ò rán yín sí Kurashige pé kó dárí jì mí. Ohun kan ni mo ń bẹ̀ yín fún. Mo mọ̀ pé àwọn kan nínú yín mú fóònù dání lọ́jọ́ ìkẹyìn ilé ìwẹ̀ náà, ẹ sì ń yàwòrán káàkiri. Ẹ lọ wò ó. Bí Fumie bá wà nínú ọ̀kan, bó tilẹ̀ jẹ́ pé ẹ̀gbẹ́ ojú rẹ̀ ló yọ lẹ́yìn èjìká ẹnì kan, ẹ gbé e lọ fún ọkọ rẹ̀. Ẹ má sọ pé èmi ni mo rán yín.