Ìràwọ̀ Tí Mo Fi Dínà Lẹ́tà Bàbá Ọmọ Mi

Ọmọ mi, jókòó kí o tó ka èyí. Òtítọ́ kan ti gbé inú mi pẹ́ jù, n kò fẹ́ kó bá mi wọ ilẹ̀. Dókítà ní ọkàn mi ti rẹ̀. Mo rẹ́rìn-ín, mo ní ṣé kò ní rẹ̀ ẹ́ ni, pẹ̀lú gbogbo orin tí mo ti kọ láyé? Ṣùgbọ́n ẹ̀rín náà kò dé inú.

Ṣé o rántí ìgbà tí o ṣubú lórí àtẹ̀gùn, tí wọ́n fi sìmẹ́ńtì funfun di ọwọ́ rẹ méjèèjì? Ọ̀dọ̀ mi lo wà, síbẹ̀ o gbọ́dọ̀ máa tọ́jú ẹ̀rọ tó ń gba ímeèlì fún iléeṣẹ́ yín. O ní, "Màámi, ẹ wá jẹ́ ọwọ́ fún mi." Èmi tí n kò kọjá ìwé mẹ́ta! Ìka kan ni mo fi ń tẹ̀ ẹ́, bí adìẹ tó ń ṣa àgbàdo. O kọ́ mi pé bí a bá kọ àdírẹ́sì ẹnì kan ní kíkún sínú òfin tí ẹ̀rọ fi ń dínà lẹ́tà, lẹ́tà ẹni yẹn nìkan ni yóò dá dúró. Ṣùgbọ́n bí a bá fi ìràwọ̀, àmì * yẹn, síwájú orúkọ ilé tí lẹ́tà ti ń wá, gbogbo ará ilé náà ló kàn. Mo ní, "Ìràwọ̀ yìí mà burú o! Ó ń torí ẹnì kan na gbogbo agbo ilé." O ní, "Màámi, ẹ má pa mí lẹ́rìn-ín, eegun ń dùn mí."

Ní ọjọ́ kẹta, o sùn lọ lórí àga lẹ́yìn oúnjẹ ọ̀sán. Lẹ́tà bàbá rẹ bá wọlé, láti ilé ìwòsàn tó ti ń po oògùn, níbi tí wọ́n ti wá ń tọ́jú òun náà. Ọkùnrin tó fi wá sílẹ̀ nígbà tí o kò tíì mọ ìrìn! Ó ní, "Ọmọ mi, ara mi kò yá. Mo fẹ́ rí ọ." Ta ló pọ̀n ọ́? Ta ló bá ọ ṣàìsùn? Mo pa lẹ́tà náà rẹ́. Àdírẹ́sì rẹ̀ gùn jù fún ìka mi, mo bá tẹ ìràwọ̀ síwájú orúkọ ilé ìwòsàn náà. Owú àti ọ̀lẹ, àwọn méjèèjì ló jọ tẹ̀ ẹ́.

O ti sọ fún mi pé ẹ̀rọ kì í dá irú lẹ́tà bẹ́ẹ̀ padà fún ẹni tó kọ ọ́. Yóò kó o pamọ́ fún ọgbọ̀n ọjọ́, yóò sì dà á nù. Ojoojúmọ́ ni mo ń yọjú wò ó. Ọ̀kan. Mẹ́rin. Mọ́kànlá. Bàbá rẹ rò pé ò ń kà á, o kàn dákẹ́ ni. Mo lè pa ìlà òfin kan ṣoṣo yẹn rẹ́. N kò pa á rẹ́, àfi ìgbà tí gbogbo wọn ti dànù, kí ọwọ́ rẹ tó bọ́ nínú sìmẹ́ńtì. Ìkà ni mí.

Lẹ́yìn náà ni àbúrò bàbá rẹ pè, ó ní wọ́n ti sin ín, ó sì gé fóònù mọ́ ọ létí. Mo mọ ohun tó ń bí i nínú. O wò mí, o ní, "Màámi, kò tiẹ̀ kọ ọ̀rọ̀ kan sí mi." Mo dáhùn pé, "Bó ṣe rí nìyẹn." Mo gbé orí rẹ lé itan, mo ń kọrin pé ẹni tó lọ ti lọ, èmi rèé, èmi kò lọ ibì kankan. Orin yẹn ló burú jù nínú gbogbo ohun tí mo ṣe.

Lẹ́tà tó kẹ́yìn nínú wọn kì í ṣe ti bàbá rẹ. Nọ́ọ̀sì ló kọ ọ́, ìràwọ̀ mi sì mú òun náà. Mo dà á kọ kó tó dànù: "Bàbá yín kò lè kọ̀wé mọ́. Mo ti gbé àga kan sẹ́gbẹ̀ẹ́ bẹ́ẹ̀dì. Ó ní kí ẹnikẹ́ni má jókòó lé e, ọmọ òun ń bọ̀."

Mo bẹ̀ ọ́, ọmọ mi. Má tíì dárí jì mí. Sunkún bàbá rẹ ná.